Jíjù ni ọmọ mi mọ̀, wọ́n ní kò tíì mọ iṣẹ́ pitcher: ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyàtọ̀?

BabaTimi_Houston
Sátidé, 8:12 àárọ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú òpin ọ̀sẹ̀ o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Houston ni mò ń gbé láti 2009. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ni mo mọ̀ kí n tó débí, òun náà ni mo rò pé ọmọ mi máa gbá. Baseball ló lọ yàn láàyò. Ọmọ ọdún 13 ni Tìmí báyìí, pitcher sì ni, ẹni tó ń dúró lórí òkìtì láàárín pápá, tó ń ju bọ́ọ̀lù sí onígi, ẹni tó di kóńdó mú láti gbá a.

Apá ọmọ yìí le bí irin. Lóṣù tó kọjá ẹnì kan na ẹ̀rọ tó ń wọn eré bọ́ọ̀lù sí i, ó ka máìlì 72 ní wákàtí. Àwọn òbí yòókù pariwo, èmi náà ń yan bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Àfi bí kóòṣì wọn ṣe fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní jíjù ni ọmọ mi mọ̀, kò tíì mọ iṣẹ́ pitcher rárá. Mo ní kí ni ìyàtọ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n sáà máa wò ó.

Mo ti ń wò ó láti ọjọ́ náà, n kò tíì rí nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ eré yìí, kí ló ń sọ èèyàn di pitcher gidi? Kì í ṣe ti ọmọdé nìkan, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tórúkọ wọn ò lè parẹ́.

Akanji_Bronx
Sátidé, 8:40 àárọ̀

Bàbá Tìmí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Kóòṣì yẹn ò parọ́.

Ẹ wo Mariano Rivera tiwa ní Yankees, ẹgbẹ́ New York níbí. Ọmọ apẹja ni, láti Puerto Caimito ní Panama. Lọ́dún 1997, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn láti fi na apá lásán, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í yà bàrá nígbà tó bá kù díẹ̀ kó débẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ ohun tó fà á. Cutter ni wọ́n ń pe irú ìjù bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà títí ó fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 2013, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju nǹkan mìíràn mọ́. Gbogbo onígi ló mọ ohun tó ń bọ̀, wọn ò sì rí i gbá. Ẹ̀ẹ̀mejìléláàádọ́talélẹ́gbẹ̀ta, ìyẹn 652, ló dé ní ìparí eré tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọ̀tá. Nígbà tí wọ́n dìbò Hall of Fame, ilé ọlá àwọn àgbà eré yìí, lọ́dún 2019, kò sí oníbò kan tó yọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí.

Ìjù kan ṣoṣo o! Àmọ́ ibi tó bá fẹ́ kó bà ni yóò bà. Ẹ bi Tìmí bóyá ó lè fi bọ́ọ̀lù lu ife tí ẹ bá gbé sórí ìjókòó, ní ẹ̀ẹ̀meje nínú mẹ́wàá. Ẹ fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀.

OmoIbadan_Boston
Sátidé, 9:55 àárọ̀

Akànjí, ẹ ò lè ṣe kẹ́ ẹ má mú Yankees wọ̀ ọ́. Ó dáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Pedro Martínez, ọmọ Dominican. Tín-ín-rín ni, kò ga rárá lójú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀. Dodgers tó kọ́kọ́ gbà á rò pé ara rẹ̀ kò ní lè gbà á, wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí Montréal ní 1993. Wọ́n kábàámọ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, ó ti wà ní Boston, iye tó ń jẹ́ kí ọ̀tá jẹ nínú inning mẹ́sàn-án (inning mẹ́sàn-án ni odidi eré kan) jẹ́ 1.74. Ẹni tó tẹ̀lé e ní líìgì rẹ̀, 3.70 ni tiẹ̀. Ẹni kejì o.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe 2000 ni mo fẹ́ sọ. Ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá 1999 ni. Eré àṣekágbá láàárín Boston àti Cleveland, ẹni tó bá pàdánù ń lọ sílé. Cleveland ọdún yẹn burú, wọ́n jẹ 1,009 láàárín sáà kan. Pedro ti fi ẹ̀yìn ṣèṣe nínú eré àkọ́kọ́, wọ́n ti ní kò lè ṣeré mọ́. A jókòó sí yàrá ọ̀rẹ́ mi kan ní Dorchester, àwa mẹ́jọ, ìrẹsì ti tutù nínú abọ́, inning mẹ́ta péré ti parí, ó ti di 8-8. Kí la rí? Ẹnu ọ̀nà ṣí, Pedro ló ń rìn bọ̀.

Ìjù rẹ̀ tó yá jù, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́, kò sí lápá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ò jẹ́. Ó wá ń ju èyí tó ń kọrọ, ó ń ju èyí tó rọra ń bọ̀, ó ń gbé e sí igun òsì, ó ń gbé e sí igun ọ̀tún. Àwọn òmìrán Cleveland ń gbé kóńdó, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń gbá. Inning mẹ́fà, kò sẹ́nì kan tó gbá a dáadáa débi tó fi dé base, ibùdó tí onígi máa ń sá lọ bó bá gbá bọ́ọ̀lù. Òdo. Boston borí, 12-8.

Bàbá Tìmí, lọ́jọ́ náà ni mo mọ̀ pé agbára apá ni aṣọ, ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ni pitcher.

Gbade_Dallas
Sátidé, 11:03 àárọ̀

Ẹ má fi ìtàn dídùn tan Bàbá Tìmí jẹ o. Houston ló ń gbé, ó yẹ kó ti gbọ́ orúkọ Nolan Ryan. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ju bọ́ọ̀lù ní Houston níbẹ̀, kó tó wá sọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Eré ló ń sá! Onígi 5,714 ni strike mẹ́ta rẹ̀ (ìjù tó dára tí onígi kò rí gbá) lé kúrò, kò sẹ́ni tó tíì sún mọ́ ọn. Ìgbà méje ló parí odidi eré láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù dé base, ìkeje nínú oṣù karùn-ún 1991, ó ti pé ẹni ọdún 44.

Lóde òní pàápàá, fastball, ìjù tó ń sáré jù, tó wọ́pọ̀ ní MLB, líìgì àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti di nǹkan bíi máìlì 94. Àwọn tó ń wá ọmọ tí wọ́n máa gbà, ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Bí ọmọ bá ju 80 tó sì gbọ́n bí ìjàpá, wọn ò ní bi í pé báwo. Ẹ jẹ́ kọ́mọ máa jù ú le, ọgbọ́n á bá a lọ́nà.

Akanji_Bronx
Sátidé, 11:20 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Gbádé, èyí tó wọ agbè lẹ kà, ẹ ò ka èyí tó jò. Nolan Ryan kan náà ló fún onígi 2,795 ní ọ̀nà ọ̀fẹ́, nítorí bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí kò gba ojú ọ̀nà. Òun náà ni aláṣejù ibẹ̀, ẹni tó tẹ̀lé e kò pé 1,900. Ó borí 324, ó pàdánù 292. Gbogbo ọdún 27 tó lò, wọn ò fún un ní Cy Young, ẹ̀bùn pitcher tó dára jù lọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ wá fi Greg Maddux ti Atlanta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ẹ̀ dà bíi ti akọ̀wé báǹkì. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í yá. Ní gbogbo 1997, nínú inning tó lé ní 232, ogún èèyàn péré ló fún ní ọ̀nà ọ̀fẹ́. Ní oṣù keje ọdún yẹn, ó parí odidi eré kan pẹ̀lú Cubs, ìjù tó lò kò pé 80! Cy Young mẹ́rin léra wọn, 1992 sí 1995. Ó borí 355.

Gbade_Dallas
Sátidé, 11:31 àárọ̀

Maddux kan ṣoṣo lẹ rí fi ṣàpẹẹrẹ láti ọgbọ̀n ọdún. Ẹ fi òmíràn kún un.

OmoIbadan_Boston
Sátidé, 11:50 àárọ̀

Ẹ má jà. Ryan náà ti wà ní Hall of Fame, kò sẹ́ni tó ní kì í ṣe àgbà. Ohun tí mo rí ni pé eré tí bọ́ọ̀lù ń sá máa ń ra àṣìṣe padà fún ẹni tó ni ín. Bí Maddux bá gbé bọ́ọ̀lù sí àárín gbùngbùn, wọ́n á gbá a sọnù. Bí Ryan bá gbé e síbẹ̀, onígi lè má tètè gbé kóńdó. Nítorí náà ẹni tó ní eré ní owó lọ́wọ́. Bó ṣe ń ná an ni kóòṣì Tìmí ń bi í.

Kola_Peckham
Sátidé, 12:15 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe kíríkẹ́ẹ̀tì lẹ ń sọ látàárọ̀? Ní London níbí, ẹni tó ń ju tiwa máa ń sáré wá ni, kò gbọdọ̀ na igbọ̀nwọ́ tó ká nígbà tó bá ń jù ú, ó sì máa ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Akanji_Bronx
Sátidé, 12:17 ọ̀sán

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n Kọ́lá. Kì í ṣe kíríkẹ́ẹ̀tì. Tiwa, a kì í dá eré dúró láti mu tíì.

OlukoFisiksi_Abk
Sátidé, 3:30 ọ̀sán

Fisiksi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì l'Ábẹ́òkúta, n kò tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù yìí rí, àmọ́ ìṣirò ibẹ̀ dùn mọ́ mi.

Láti orí òkìtì dé àwo tí onígi dúró tì, ẹsẹ̀ bàtà 60 àti íǹṣì 6 ni, bẹ́ẹ̀ ló sì ti wà láti 1893. Pitcher máa ń na ara síwájú kó tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, nítorí náà ó kù nǹkan bíi 55. Bọ́ọ̀lù tó ń sá máìlì 95 yóò gba ibẹ̀ kọjá ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó ti lọ. Gbígbé kóńdó fúnra rẹ̀ ń jẹ ìdá kan àtààbọ̀ nínú mẹ́wàá yẹn. Èyí ni pé onígi ti gbọ́dọ̀ pinnu nígbà tí bọ́ọ̀lù ò tíì rìn jìnnà. Kì í gbá ohun tó ń rí, ohun tó rò pé ó ń bọ̀ ló ń gbá.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Bí pitcher bá ju 95, tó wá fi apá kan náà, ojú kan náà, ìfọwọ́yí kan náà ju 83, ìyàtọ̀ tó wà nínú àkókò kò ju bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Kékeré ni lójú wa. Ó tó kí kóńdó ti kọjá kí bọ́ọ̀lù tó dé. Changeup ni wọ́n ń pe irú èyí, mo ti lọ wò ó lórí fídíò, ó yà mí lẹ́nu.

Èyí tó ń kọrọ ńkọ́? Ẹ rántí fíríkíìkì Roberto Carlos sí ilẹ̀ Faransé ní 1997, tí bọ́ọ̀lù yí ògiri ká. Ohun kan náà ni. Bọ́ọ̀lù tó ń yí bí òkòtó máa ń ti afẹ́fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, afẹ́fẹ́ á sì tì í padà sí ìkejì. Magnus, ará Jámánì, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní bí ọdún 1852. Bí ó bá ń yí sẹ́yìn, kì í tètè já wálẹ̀, onígi á rò pé ó ń gòkè. Bí ó bá ń yí síwájú, á já lójijì. Okùn pupa tí wọ́n fi rán an, ojú abẹ́rẹ́ 108 alápapọ̀, òun ni ìka fi ń rí ibi dì mú láti yí i.

AhaBoolu_Ilorin
Sátidé, 8:05 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń lóṣòó sẹ́yìn àwo náà sọ tiẹ̀. Ìlọrin ni mo ti kọ́ baseball, ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe catcher, ẹni tó ń há ohun tí pitcher bá jù. Ẹ̀yin òǹwòran, apá pitcher lẹ̀ ń wò. Èmi, ojú rẹ̀ ni mò ń rí.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà nígbà náà, apá rẹ̀ le ju ti gbogbo wa lọ. Bí nǹkan bá ń lọ déédéé, kò sẹ́ni tó lè kò ó lójú. Ṣùgbọ́n kí rẹfirí ṣèèṣì sọ pé bọ́ọ̀lù tó dára kò gba ojú ọ̀nà, ó parí nìyẹn. Ọrùn á ki, mímí á yára, á gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi bí ẹni gba gbèsè. Èyí tó kàn, gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún un ni yóò fi jù ú, orí mi ni yóò sì gbà kọjá. Baba tó ń kọ́ wa á ti máa ké láti ẹ̀gbẹ́ pápá: "Òkò àbínújù kì í pẹyẹ!" Ẹ̀rín la máa ń fi í rín.

Ìgbà tí mo wá ka ìtàn Sandy Koufax ni mo mọ̀ pé baba yẹn mọ ohun tó ń sọ. Ọlọ́wọ́ òsì ni Koufax, Dodgers ló ṣe é fún. Láti 1955 sí 1960, ó borí 36, ó pàdánù 40. Apá wà, bọ́ọ̀lù ò gbọ́ràn. Nígbà ìgbáradì 1961, Norm Sherry tó ń há bọ́ọ̀lù fún un sọ fún un pé kó dẹwọ́, kó jẹ́ kí wọ́n gbá a. Ó dẹwọ́. Bọ́ọ̀lù ò lọ́ra, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tí wọ́n rán an. Láti ọdún yẹn sí 1966, ó borí 129, ó pàdánù 47. (Ẹ ṣàkíyèsí pé catcher ló là á lójú. A kì í gbóríyìn fún wa.)

Nítorí náà Bàbá Tìmí, ohun tí kóòṣì ní kẹ́ ẹ máa wò rèé, lérò tèmi. Bí wọ́n bá gbá a lọ jìnnà, níbo lojú rẹ̀ ń lọ, sí ilẹ̀ ni àbí sí catcher? Ìjù tó tẹ̀lé e ńkọ́, ṣé ó yára ju ti tẹ́lẹ̀ nítorí ìbínú? Bó bá fẹ́ ju èyí tó rọra, ṣé apá rẹ̀ náà ń rọra? Bó bá ń rọra, ó ti sọ àṣírí fún onígi nìyẹn. Bí onígi bá gbá bọ́ọ̀lù sí apá ọ̀tún, ṣé Tìmí ń sáré lọ bo base àkọ́kọ́, àbí ó dúró ń wòran? Àti pé kí ló rántí nípa onígi tó ti bá pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ náà? Pitcher tó dára dà bí ìyálọ́jà, kì í gbàgbé oníbàárà tó ná ọjà tí kò rà á.

BabaTimi_Houston
Mọ́ńdè, 6:48 àárọ̀

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo kọ ọ̀rọ̀ ará Ìlọrin sínú ìwé, mo mú un lọ sí pápá.

Àbọ̀ rèé. Bí wọ́n bá gbá a, ilẹ̀ lojú rẹ̀ ń lọ. Èyí tó tẹ̀lé e máa ń yá, kì í sì í bà. Ìjù tó rọra, ó jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èmi tí n kò mọ nǹkan kan pàápàá rí i tó ń bọ̀. Mo wá rí ohun tí kóòṣì ń wí.

Nǹkan kan wà o. Sátidé, mo ka ìjù rẹ̀: 104. Sọ́ńdè, ẹgbẹ́ kejì tó ń bá ṣeré lópin ọ̀sẹ̀ tún gbé e sórí òkìtì, nítorí ọmọ tí iṣẹ́ kàn kò wá. Lálẹ́ ó ní igbọ̀nwọ́ ń ro òun lápá inú. Mo fi òróró gbígbóná ra á, ó sùn. Ọjọ́rú ni wọ́n tún ní eré. Ṣé kó lọ?

FisioAtlanta
Mọ́ńdè, 7:10 àárọ̀

Bàbá Tìmí, rárá. Kó má lọ. Kó má sì ju ohunkóhun, bó ṣe òkúta sí igi máńgòrò, títí dókítà egungun yóò fi rí igbọ̀nwọ́ náà.

Físíò ni mí, irú àwọn ọmọ yìí ni mò ń rí lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kẹ́ ẹ má bàa rò pé mò ń dẹ́rù bà yín lásán.

Kì í ṣe apá ló ń ju bọ́ọ̀lù. Ẹ rántí ẹni tó ń na pàṣán lójú egúngún. Láti ẹsẹ̀ ni agbára ti ń bọ̀, ó gba ìbàdí, ó gba ẹ̀yìn, ó gba èjìká, ìdí pàṣán á dúró, ṣóńṣó rẹ̀ á dún. Igbọ̀nwọ́ àti ìka ni ṣóńṣó pàṣán. Bí ẹsẹ̀ àti ìbàdí bá ti rẹ ọmọ, tí kò sì dẹ́kun jíjù, igbọ̀nwọ́ ni yóò san gbogbo gbèsè náà.

Lápá inú igbọ̀nwọ́, okùn kan wà tó so egungun apá òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ti àgbàlagbà, okùn yẹn ló ń já. Lọ́dún 1974, ó já lápá òsì Tommy John ti Dodgers. Títí di ìgbà náà, ẹni tó bá já lápá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì nìyẹn. Dókítà Frank Jobe yọ okùn iṣan láti apá ọ̀tún rẹ̀, ó fi rán ti òsì. John kò ṣeré ní gbogbo 1975, ó padà ní 1976, ó sì tún borí nínú eré 164 kó tó fẹ̀yìn tì. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pe iṣẹ́ abẹ náà títí dòní.

Ti ọmọ ọdún 13, ibi tí egungun ti ń dàgbà ni kò tíì gan. Okùn lè má já, ó lè máa fa egungun tútù yẹn ya díẹ̀díẹ̀. Ìrora tó wà lápá inú, lẹ́yìn ìjù 104 àti òmíràn lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe ohun tí a ń fi òróró ra.

MLB àti USA Baseball ti gbé ìlànà kan jáde, Pitch Smart lórúkọ rẹ̀. Fún ọmọ ọdún 13 àti 14, kò gbọdọ̀ ju 95 lọ lọ́jọ́ kan. Bó bá ju 66 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ mẹ́rin ni ìsinmi. 51 sí 65, ọjọ́ mẹ́ta. 36 sí 50, méjì. 21 sí 35, ọ̀kan. Kò sì yẹ kó máa ṣe pitcher fún ẹgbẹ́ méjì lásìkò kan náà. Nínú ọdún, ó kéré tán, oṣù mẹ́rin ni kò fi ní ṣe pitcher nínú ìdíje. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ fún kóòṣì méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n Gbádé, mo gbọ́ tiyín nípa eré. Ní oṣù kejìlá 2024, MLB fúnra rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nípa ìdí tí apá àwọn pitcher fi ń bàjẹ́ tó báyìí. Lílé eré àti fífi gbogbo agbára ju gbogbo ìjù wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ka sí. Koufax tí ẹ̀ ń yìn yẹn, ẹni ọgbọ̀n ọdún ló fẹ̀yìn tì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ borí eré 27 lọ́dún náà ni, igbọ̀nwọ́ ò jẹ́ kó lè tẹ̀ síwájú.

Gbade_Dallas
Mọ́ńdè, 9:02 àárọ̀

Ìyá Físíò, mo ti gbà. Lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé, mo fọwọ́ sí i. Bàbá Tìmí, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí.

Ti àgbà, n kò tíì gbà tán. Yamamoto ará Japan tó gba World Series (ìdíje àṣekágbá MLB) 2025 fún Dodgers, tó borí eré mẹ́ta níbẹ̀, tó ju bọ́ọ̀lù nínú eré kẹfà, tó tún jáde lọ́jọ́ kejì parí ìkeje: eré náà wà lápá rẹ̀ o.

OmoIbadan_Boston
Mọ́ńdè, 9:40 àárọ̀

Ó wà. Kò sì ga ju Pedro lọ. Ọ̀kọ̀ ló máa ń jù láti fi ṣe ìdárayá, kò nífẹ̀ẹ́ sí gbígbé irin. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń jù ú, bí Ìyá Físíò ṣe wí. Àti pé ìjù oríṣi mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé síbi tó fẹ́. Àpẹẹrẹ tiwa lẹ mú wá, ẹ ṣeun.

AyaMatanzas
Mọ́ńdè, 5:25 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìjókòó. Ará Matanzas ní Kúbà lọkọ mi, ìlú tí wọ́n ṣì ń fi èdè wa kí òrìṣà, Lukumí ni wọ́n ń pe ara wọn. Ní Palmar de Junco níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe eré baseball tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, ọdún 1874. Ìyá ọkọ mi kò mọ Pedro yín. José Méndez ló mọ̀.

Cárdenas ni wọ́n ti bí Méndez, nítòsí ibẹ̀. Lọ́dún 1908, Cincinnati Reds wá ṣeré ní Havana. Ọmọ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ju inning 25 sí wọn, wọn ò jẹ ẹyọ kan. Àwọ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè wọ líìgì àwọn aláwọ̀ funfun. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan apá rẹ̀ bàjẹ́, ó lọ ń ṣeré ní ipò mìíràn. Ní 1924, ó ti ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún, òun ló ń darí Kansas City Monarchs. Eré àṣekágbá World Series àwọn aláwọ̀ dúdú dé, ó gbé ara rẹ̀ sórí òkìtì. Kò sí eré mọ́ lápá yẹn. Ó parí gbogbo inning mẹ́sàn-án, òdo ni Hilldale jẹ.

Luis Tiant náà ńkọ́? Ọmọ Havana. Ní 1968 eré rẹ̀ dẹ́rù bani. Ó fi èjìká ṣèṣe ní 1970, ẹgbẹ́ rẹ̀ lé e. Ó padà wá, á kọ ẹ̀yìn sí onígi pátápátá kó tó jù, á gbójú sókè wo sánmà, á yí padà, bọ́ọ̀lù á wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò rò. Ní 1972 iye tó ń jẹ́ kí ọ̀tá jẹ nínú inning mẹ́sàn-án jẹ́ 1.91, òun ló kéré jù ní líìgì náà. Ẹ̀gbọ́n Gbádé ní kẹ́ ẹ fi òmíràn kún Maddux. Mo ti fi méjì kún un.

Gbade_Dallas
Mọ́ńdè, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ìyàwó wa, mo dọ̀bálẹ̀.

BabaTimi_Houston
Sọ́ńdè, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, 7:30 alẹ́

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Dókítà wò ó, ó ní ibi tí egungun ti ń dàgbà ti wú, kò tíì ya. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìju nǹkan kan. Tìmí sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ kejì, wọ́n bínú sí mi, mo jẹ́ kí wọ́n bínú.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ó ń lọ jókòó ti kóòṣì, ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kọ ohun tí onígi kọ̀ọ̀kan ṣe. Èmi ò ní kó ṣe é o. Ẹ̀rọ tó ń wọn eré, mo ti fún ẹni tó ni ín.

Lánàá ló kọ́kọ́ padà sórí òkìtì. Ọmọ kan wà nínú àwọn ọ̀tá, gbọ̀ngbọ̀nràn ni, irùngbọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hù. Ó gba méjì àkọ́kọ́ lù, wọ́n lọ sí ìta ìlà. Tìmí wo catcher, ó mí, ó fi apá tó fi ju ti àkọ́kọ́ ju ẹ̀kẹta. Ọmọ yẹn ti yí kóńdó tán, fìlà ti já, bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Kóòṣì wo mí láti òdìkejì pápá, kò sọ nǹkan kan.

Ìjù 33. Ìyá Físíò, ọjọ́ kan ni ìsinmi, àbí mo ṣì í kà?

FisioAtlanta
Sọ́ńdè, 7:44 alẹ́

Ọjọ́ kan ni. Ẹ fún un ní méjì.